Ìtàn John Rolfe ti Virginia, àti ti Ìran tí Ó Fi Sílẹ̀

Ní ìlú Gravesend, ní etí odò Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àkọsílẹ̀ ìsìnkú àtijọ́ kan wà tí í ṣe ti Ìjọ Saint George. Lábẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Máàsì, ọdún 1617, akọ̀wé ìjọ kọ orúkọ obìnrin kan tí ń jẹ́ Rèbékà sínú rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ Virginia ni a bí i sí, ó ní obìnrin ọlọ́lá ni, ó ní inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ní ìhà pẹpẹ, ni a sin ín sí, ó sì fi kún un pé aya Thomas Wroth ni í ṣe. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, àfi ti ìkẹhìn. Obìnrin náà kò ní ọkọ tí ń jẹ́ Thomas Wroth. John Rolfe ni ọkọ rẹ̀. Thomas ni orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta ní ọjọ́ náà.

Ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùkọ́ wa tí ó bá ti di ìwé ìrìbọmi tàbí ìwé ìsìnkú mú rí yóò mọ bí irú àṣìṣe báyìí ti ń wáyé. Àlejò ni olóògbé, àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń kánjú, akọ̀wé kò sì mọ̀ wọ́n rí. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí a kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ ní àkọsọnù yìí ni Pocahontas, ọmọ ọba, ẹni tí púpọ̀ nínú àwọn ìdílé ńlá ilẹ̀ Virginia ń pè ní ìyá ńlá wọn títí di òní. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ìran ṣe tẹjú mọ́ ìlà kan ṣoṣo yìí tó bẹ́ẹ̀. A fẹ́ sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé wa ní oṣù yìí, àti ti ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, títí dé ìgbà tí ìwé ìran wọn di ọ̀ràn òfin.

Heacham ni ìlú kékeré kan ní ìhà Norfolk, ní etí òkun. Nínú ìwé ìrìbọmi ìjọ ibẹ̀ ni a rí i pé a ri John, ọmọ John Rolfe, bọmi ní ọjọ́ 6 oṣù Méè, ọdún 1585. Ọmọ yìí ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn òpìtàn gbà pé ó di Rolfe ti Virginia. A kò ní pẹ́ lórí ìgbà èwe rẹ̀. Nígbàtí ó fi di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti gbé ìyàwó, ó sì ti pinnu láti bá àwọn tí ń lọ sí Amẹ́ríkà lọ. Ní oṣù Méè ọdún 1607 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ Jamestown dó ní etí odò kan ní Virginia, tí wọ́n sì fi orúkọ Ọba James sọ ọ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí à ń pè ní Ẹgbẹ́ Virginia, ni ó ń ná owó lórí rẹ̀. Ní oṣù Júùn ọdún 1609, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ṣí kúrò ní Plymouth láti kó ènìyàn àti oúnjẹ lọ síbẹ̀. Rolfe àti aya rẹ̀ wà nínú èyí tí ó tóbi jù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sea Venture.

Ìjì ńlá dé bá wọn lórí òkun. Ìjì náà yà wọ́n kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, omi wọ inú ọkọ̀, àtọkùnrin pàtàkì àtẹrú ni ó sì ń gbọ́n omi dànù tọ̀sán tòru, títí ọkọ̀ náà fi há sáàárín àpáta ní erékùṣù Bermuda ní ọjọ́ 28 oṣù Júláì. Nínú nǹkan bí àádọ́jọ ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹnìkan tí ó bómi lọ. Wọ́n lo oṣù mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ní erékùṣù náà, wọ́n ń jẹ ẹja, ẹyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Ibẹ̀ ni aya Rolfe ti bí ọmọbìnrin kan. Àlùfáà Richard Buck, tí í ṣe àlùfáà ìrìnàjò náà, ri ọmọ náà bọmi ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1610, wọ́n sì fi orúkọ erékùṣù náà sọ ọ́: Bermuda. Ọmọ náà kò dàgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́hìn èyí ni wọ́n fi igi kédárì erékùṣù náà kan ọkọ̀ kékeré méjì, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Jamestown ní oṣù Méè ọdún 1610. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ bani nínú jẹ́. Ìyàn ti mú ní ìgbà òtútù tí ó ṣáájú. Nínú ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn, nǹkan bí ọgọ́ta péré ni ó kù, àwọn náà sì ti rù kan egungun. Kò pẹ́ lẹ́hìn náà tí aya Rolfe fi kú. Àwọn ìwé ìgbà náà kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún wa. A kọ orúkọ ọmọ tí ó bí, a kọ orúkọ àlùfáà tí ó ri ọmọ bọmi, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ kò ní orúkọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ Rolfe di ẹni tí a ń dá mọ̀ ni tábà. Ẹgbẹ́ Virginia ti retí wúrà, kò sì rí i. Wọ́n ti dán iṣẹ́ gíláàsì wò, wọ́n ti dán ti sílíkì wò, èrè kò jáde. Tábà tí àwọn onílẹ̀ ń gbìn le koko lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ọjà Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ni tábà dídùn tí àwọn ará Spéènì ń gbìn ní àwọn erékùṣù Karibíà àti ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Rolfe rí irúgbìn rẹ̀ gbà, ó sì gbìn ín ní nǹkan bí ọdún 1612. Nígbàtí yóò fi di ọdún 1617, òṣùwọ̀n 20,000 pọ́n-ùn tábà ni ó ti Virginia lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kan. Ọba James fúnra rẹ̀ ti kọ ìwé kan ní ọdún 1604 láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu tábà. Síbẹ̀, lórí èéfín tí ọba kórìíra ni ìlú tí ń jẹ́ orúkọ ọba dúró. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn: tábà a máa jẹ ilẹ̀ run ní ọdún díẹ̀, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Ẹni tí ó bá gbìn ín yóò máa wá ilẹ̀ tuntun, yóò sì máa wá ènìyàn tí yóò ro ó.

Ilẹ̀ náà kò ṣófo. Nǹkan bí ọgbọ̀n ẹ̀yà ni ó wà lábẹ́ ọba ńlá kan tí ń jẹ́ Wahunsenaca, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Powhatan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ púpọ̀ ni ọmọbìnrin tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1596. Amonute ni orúkọ rẹ̀, Matoaka sì ni orúkọ mìíràn tí ó ń jẹ́ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Pocahontas jẹ́ ìnagijẹ tí a fún un nítorí pé ó fẹ́ràn eré. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti ka ìwé ìtàn ní ilé-ìwé ni yóò máa retí kí a sọ bí ó ti gba Captain John Smith sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. A ó kàn mẹ́nu kàn án ni. Ọdún 1607 ni Smith ní ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1624 ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé, nígbàtí ọmọbìnrin náà ti kú ní ọdún méje. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni kò sì gbà á gbọ́.

Ohun tí ó dájú ni pé ní oṣù Épírì ọdún 1613, Captain Samuel Argall fi ẹ̀tàn mú un. Argall wá ra àgbàdo ní odò Potomac nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Treasurer, ó gbọ́ pé ọmọ ọba wà ní àdúgbò náà, ó sì bá olórí kan tí ń jẹ́ Iopassus dìmọ̀ pọ̀, tí òun àti aya rẹ̀ fi rọ ọmọbìnrin náà wọ inú ọkọ̀. Ìkòkò bàbà àti àwọn ohun kéékèèké mìíràn ni wọ́n fi san án fún wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi ọmọ náà ṣe ẹ̀jẹ́ kí baba rẹ̀ lè dá àwọn ènìyàn wọn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, pẹ̀lú ìbọn àti irinṣẹ́ tí a ti jí kó. Baba náà dá ẹni méje padà àti díẹ̀ nínú ìbọn wọ̀nyí. Wọ́n ní kò tó. Báyìí ni ọmọbìnrin náà fi wà ní ìgbèkùn fún bí ọdún kan. A sì ní láti fi kún un pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Strachey, tí òun pẹ̀lú Rolfe jọ wọ ọkọ̀ Sea Venture, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú èyí pé ọmọbìnrin náà ti ní ọkọ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, jagunjagun kan tí ń jẹ́ Kocoum. Àwọn tí ó kọ̀wé pẹ̀lú ìdùnnú nípa ìrìbọmi àti ìgbéyàwó tí ó tẹ̀lé e kò dá orúkọ Kocoum.

Àlùfáà Alexander Whitaker ni a fi ọmọbìnrin náà sí abẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ní ìlú tuntun tí a ń pè ní Henricus. Ọmọ ọ̀mọ̀wé ni Whitaker. Baba rẹ̀ ni olórí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Saint John ní Cambridge, òun tìkára rẹ̀ sì ti fi ìjọ tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn sílẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá sí ilẹ̀ yìí. Ó kọ́ ọmọbìnrin náà ní Ìgbàgbọ́ àti Òfin Mẹ́wàá àti Àdúrà Olúwa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì ri í bọmi, a sọ ọ́ ní Rèbékà. Àwa tí ó jẹ́ ti Ìjọ kan náà fẹ́ràn láti máa ka ìrìbọmi yìí mọ́ èso àkọ́kọ́ iṣẹ́ Ìjọ wa ní Amẹ́ríkà, a kò sì ní ìdí láti ṣe iyèméjì nípa òtítọ́ ọkàn Whitaker. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba ẹ̀kọ́ náà kò lómìnira láti padà sí ilé baba rẹ̀ bí ó bá kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn náà kò gbọ́dọ̀ fi èyí pamọ́.

Ibẹ̀ ni Rolfe, opó ọkùnrin tí oko tábà rẹ̀ wà nítòsí, ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó kọ ìwé gígùn kan sí Gómìnà, Sir Thomas Dale, láti gba àṣẹ. Ìwé náà ṣì wà ní ilé-ìkàwé Bodleian ní Oxford, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ṣàjèjì jùlọ tí ọkọ ìyàwó kan ti kọ rí. Ó ń bá ara rẹ̀ jà láti orí kan dé èkejì. Ó rántí ìbínú Ọlọ́run sí àwọn ọmọ Léfì àti Ísírẹ́lì tí wọ́n fẹ́ àjèjì obìnrin; ó bẹ̀rù pé Satani ni ó ń dán òun wò; ó ń tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe ìfẹ́ ti ara ni ó ń ti òun, bíkòṣe ire ìlú tí wọ́n tẹ̀dó, ọlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ògo Ọlọ́run, ìgbàlà ọkàn tirẹ̀, àti ìyípadà obìnrin náà. Ó jẹ́wọ́ pé ọkàn òun ti so mọ́ ọn tí òun kò sì lè tú u. Ohun tí obìnrin náà rò, ó sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, pé ó hàn gbangba pé ó fẹ́ràn òun. Ìwé kankan láti ọwọ́ obìnrin náà tìkára rẹ̀ kò sí.

Dale gbà, nítorípé ó rí àlàáfíà nínú rẹ̀. Powhatan pẹ̀lú gbà, ṣùgbọ́n kò wá. Ó rán ìbátan kan nínú ìdílé ìyàwó, Opachisco, láti fà á lé ọkọ lọ́wọ́, pẹ̀lú méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ní nǹkan bí ọjọ́ 5 oṣù Épírì ọdún 1614 ni a so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Jamestown, Richard Buck kan náà tí ó ri ọmọ Rolfe bọmi ní Bermuda ni a sì gbà pé ó ṣe ìsìn náà. Ní ọdún 2010 ni àwọn awalẹ̀ rí ihò òpó ṣọ́ọ̀ṣì igi náà nínú ilẹ̀ Jamestown, tí a sì mọ ibi tí pẹpẹ rẹ̀ wà. Ogun tí ó ti ń jà láti ìgbà tí Rolfe dé dáwọ́ dúró. Àlàáfíà wà fún ọdún mẹ́jọ. Ní ọdún 1615 ni a bí Thomas.

Ẹgbẹ́ Virginia fẹ́ fi ìdílé yìí han àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ Treasurer, èyí tí a ti fi mú Rèbékà nígbèkùn, ni ó tún gbé e, òun àti ọkọ àti ọmọ rẹ̀, dé Plymouth ní oṣù Júùn ọdún 1616. Uttamatomakkin, tí í ṣe olùdámọ̀ràn Powhatan, bá wọn lọ. Ọba rẹ̀ ti rán an pé kí ó ka àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó mú igi kan lọ́wọ́, ó ń fi ọ̀bẹ gé àmì sí i lára fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó bá rí, kò sì pẹ́ tí ó fi sọ igi náà nù. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe Rèbékà dáradára. Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, John King, gbà á ní àlejò pẹ̀lú ọlá. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1617 ó jókòó nínú àwọn tí ń wo eré ní ààfin ọba. Ayàwòrán kan, Simon van de Passe, ya àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí nìkan ṣoṣo sì ni àwòrán rẹ̀ tí a yà nígbà ayé rẹ̀. Ní oṣù Máàsì wọ́n wọ ọkọ̀ láti padà sílé. Ọkọ̀ kò tíì jáde kúrò nínú odò Thames nígbàtí àìsàn rẹ̀ fi le. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Gravesend, ibẹ̀ ni ó sì kú sí, ní ẹni bí ọdún mọ́kànlélógún. Ṣọ́ọ̀ṣì tí a sin ín sí jóná ní ọdún 1727. Nígbàtí a tún un kọ́, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibojì rẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà pẹ̀lú ń ṣàìsàn. Ní Plymouth, Rolfe fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ Sir Lewis Stukley, ó sì kọjá lọ sí Virginia. Lẹ́hìn náà ni Henry Rolfe, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, wá gbà á tọ́. Rolfe kọ̀wé láti wẹ ara rẹ̀ mọ́, pé ẹ̀rù ikú ọmọ náà lórí òkun ni ó jẹ́ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. A gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n baba àti ọmọ kò tún fojú kan ara wọn mọ́ títí ikú.

Ní Virginia, Rolfe ti di akọ̀wé ìjọba ìtẹ̀dó náà. Ó tún gbé ìyàwó, Joane, ọmọ Captain William Peirce, ó sì bí ọmọbìnrin kan, Elizabeth, ní ọdún 1620. Ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo tí ó kọ ní àkókò yìí ni ó kàn wá ní ilẹ̀ Áfíríkà jùlọ nínú gbogbo ìtàn rẹ̀. Nínú ìwé náà, tí ó kọ sí Sir Edwin Sandys ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Jánúárì ọdún 1620, ó ròhìn, láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn, pé ní ìparí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1619 ọkọ̀ ogun kan dé sí Point Comfort, tí ó kó ogún àti díẹ̀ ènìyàn dúdú wá, tí Gómìnà àti olórí oníṣòwò sì fi oúnjẹ rà wọ́n. White Lion ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ Àǹgólà ni a ti kó àwọn ènìyàn náà. Ọkọ̀ àwọn Potogí kan ń kó wọn láti Luanda lọ sí ilẹ̀ Mẹ́síkò, kí àwọn ọlọ́ṣà Gẹ̀ẹ́sì tó já wọn gbà lójú òkun. Ọkọ̀ kejì tí ó bá White Lion ṣe iṣẹ́ yìí ni Treasurer. Ọkọ̀ Rolfe kan náà ni, tí a mú ìyàwó rẹ̀ nínú rẹ̀, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ sì wọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbàtí a ka àwọn ará ìlú ní ọdún 1625, a rí obìnrin Áfíríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Angela nínú ilé Captain Peirce, baba ìyàwó Rolfe, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Treasurer ni ó gbé e wá. Orúkọ kan àti orúkọ ọkọ̀ kan ni gbogbo ìwé ìran tí Angela ní. Iṣẹ́ tí tábà Rolfe dá sílẹ̀ ni a ń wá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fún.

Rolfe ṣe ìwé ìhágún rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Máàsì ọdún 1622, ní àìsàn, ó sì kú ní ọdún náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, Opechancanough, ìbátan Powhatan, dìde sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pa 347 nínú wọn ní ọjọ́ kan. Àlàáfíà tí ìgbéyàwó náà mú wá bá Rolfe kú.

A wá dé ọ̀dọ̀ Thomas, ẹni tí gbogbo ìran náà so rọ̀ mọ́. Ó dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ Henry Rolfe, ó sì padà sí Virginia ní nǹkan bí ọdún 1635. Ní ọdún 1641 ó bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ Gómìnà pé kí a jẹ́ kí òun lọ rí àwọn ìbátan òun, Opechancanough àti arábìnrin ìyá òun kan, tí a kọ orúkọ rẹ̀ ní Cleopatra. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè nígbà náà láti bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ. Ní ọdún 1646, lẹ́hìn ogun mìíràn, a fún un ní ilé ìṣọ́ kan ní etí odò Chickahominy pẹ̀lú 400 éékà ilẹ̀, kí ó lè fi ẹni mẹ́fà ṣọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ènìyàn ìyá rẹ̀ ni a ní kí ó máa ṣọ́. Ọ̀ràn ọmọ tí ó ní ilé méjì ni èyí, tí a sì sọ fún un pé kí ó di ìbọn mú ní ẹnu-ọ̀nà ọ̀kan. Àwọn ìdílé sọ pé Jane Poythress ni aya rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìgbà náà tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé kọ́ọ̀tù àtijọ́ Virginia sì jóná nínú iná Richmond ní ọdún 1865.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a mọ̀ dájú fún Thomas ni Jane Rolfe. Jane fẹ́ Colonel Robert Bolling, oníṣòwò tí ó wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1675. Ó bí ọmọkùnrin kan, John Bolling, ní oṣù Jánúárì ọdún 1676, ó sì kú láìpẹ́. Robert Bolling tún fẹ́ Anne Stith, ó sì bí ọmọ púpọ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti ń pe àwọn ọmọ John ní Bolling Pupa, tí a sì ń pe àwọn ọmọ Anne Stith ní Bolling Funfun. John Bolling gbé ní Cobbs ní etí odò Appomattox, ọmọ mẹ́fà rẹ̀ sì dàgbà, wọ́n ṣe ìgbéyàwó sínú ìdílé Randolph, Fleming, Gay, Eldridge, Murray àti Blair. John Randolph ti Roanoke, aṣòfin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí ó kú ní ọdún 1833, jẹ́ ti ìran náà. Edith Bolling, tí ó di aya Ààrẹ Woodrow Wilson ní oṣù Dísẹ́ḿbà ọdún 1915, jẹ́ ti ìran náà pẹ̀lú. Ní ọdún 1887 Wyndham Robertson, tí ó ti ṣe gómìnà Virginia rí, tẹ odidi ìwé kan jáde lórí àwọn ọmọ Pocahontas. Òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ohun ọlá ni fún àwọn ẹni ńlá wọ̀nyí láti máa ka ara wọn mọ́ ọmọ ọba Powhatan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1691, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin lẹ́hìn ìgbéyàwó Jamestown, àwọn aṣòfin Virginia ti pàṣẹ pé kí a lé òyìnbó tí ó bá fẹ́ ènìyàn dúdú tàbí onílẹ̀ kúrò ní ìlú. Ní oṣù Máàsì ọdún 1924 wọ́n ṣe òmíràn tí ó le jù ú lọ. Òfin yìí sọ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní àbààwọ́n kankan nìkan ni a lè pè ní funfun, kò sì sí ẹni funfun tí ó lè fẹ́ ẹni tí kì í ṣe funfun. Kété tí wọ́n kọ èyí ni wọ́n rí i pé ó kan àwọn ará ilé tiwọn. Nítorí náà wọ́n fi àyè kan sílẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ onílẹ̀ nínú ènìyàn kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún lọ, tí kò sì ní òmíràn, funfun ni yóò máa jẹ́.

Kí àwọn olùkọ́ wa bá wa ṣírò rẹ̀. Thomas jẹ́ ìdajì. Jane jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. John Bolling jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àwọn ọmọ mẹ́fà ti Cobbs jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún, kò lé, kò dín. Àwọn aṣòfin fúnra wọn jẹ́wọ́ pé nítorí ìran Rolfe àti Pocahontas ni wọ́n ṣe fi àyè náà sílẹ̀. Rolfe àti Rèbékà tìkára wọn kì bá tí lè ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin yẹn.

Àwọn tí kò rí àyè gbà ni àwọn ènìyàn Pocahontas tí kò kúrò nílé, àwọn Pamunkey, Mattaponi, Chickahominy àti àwọn mìíràn. Walter Plecker, tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní Virginia láti ọdún 1912 títí di 1946, kò gbà pé onílẹ̀ kankan ṣẹ́kù. Ó kọ̀wé sí àwọn agbẹ̀bí, àwọn dókítà àti àwọn akọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni jẹ́ onílẹ̀. Ó ní kí a yí ohun tí a ti kọ padà. Ó tún to orúkọ ìdílé wọn lẹ́sẹẹsẹ ránṣẹ́ káàkiri. Bí akọ̀wé Gravesend ti ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀, ọkùnrin yìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tirẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ọmọ a máa wá sí ilé-ìwé pẹ̀lú ìwé ìbí tí ó sọ pé kì í ṣe ẹni tí ìyá àti baba rẹ̀ sọ fún un pé ó jẹ́.

Ní oṣù Júùn ọdún 1967 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà fa òfin ìgbéyàwó náà ya. Ṣùgbọ́n nígbàtí àwọn onílẹ̀ Virginia wá ń bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí ó jẹ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́bí ènìyàn kan, ìwé tí Plecker ti bàjẹ́ ni ó dúró níwájú wọn. Ọdún 2015 ni ìjọba tó gbà fún àwọn Pamunkey. Ní oṣù Jánúárì ọdún 2018 ni ó gbà fún ẹ̀yà mẹ́fà mìíràn, Chickahominy sì wà nínú wọn. Àwọn Pamunkey àti àwọn Mattaponi ṣì wà lórí ìwọ̀nba ilẹ̀ tí ó kù fún wọn ní etí odò tí ń jẹ́ orúkọ wọn. Lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́bí májẹ̀mú tí àwọn baba ńlá wọn bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ní ọ̀rúndún ìkẹtàdínlógún, wọ́n a máa gbé àgbọ̀nrín lọ sí ẹnu-ọ̀nà ilé Gómìnà ní Richmond ní ìparí ọdún.